Ogún Ebè Tó Lé

Ìgangan,
21 Oṣù Kìíní, 2024

Hàkímù ọmọ mi,

Àsàlámù aláékùm. Ṣé àlàáfíà lo wà? Òtútù Kánádà ń kọ́? A gbọ́ nínú rédíò pé omi ń di òkúta lọ́dọ̀ yín. Kí Ọlọ́run bá wa ṣọ́ ẹ. Èmi àti Làtíífàt àbúrò rẹ wà níbí, ara wa le, ọkàn wa ni kò balẹ̀.

Iná ọyẹ́ ti jó oko wa ní Ìdí-Ayin. Láti etí odò títí dé ẹ̀yìn oko Búrẹ́mọ̀, bàbá Abíọ́nà, ọ̀rẹ́ mi, kò sí ohun tó ṣẹ́kù. O mọ̀ pé a ti kọ ebè, a ti gbin iṣu sí i, a sì ti fi koríko bò ó lórí nítorí oòrùn. Koríko yẹn gan-an ni iná rí jẹ. Nígbà tí a tú ebè wò, èbù ti jinná nínú ilẹ̀ bí iṣu tí èèyàn sun fún àlejò. Búrẹ́mọ̀ bu ọ̀kan, ó tọ́ ọ wò, ó ní epo nìkan ló kù. A rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a rín ẹ̀rín náà tán, ó jókòó sórí ilẹ̀, kò sì lè dìde mọ́ títí mo fi fà á lọ́wọ́.

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ebè tiwa kì í ṣe ààfin. Bí àgbẹ̀ kò bá rí èbù mìíràn gbìn kí òjò tó fìdí múlẹ̀, ọdún yẹn ti gbé nìyẹn. Mo gbọ́ pé ẹ ní ẹgbẹ́ ọmọ Ìgangan lọ́hùn-ún, pé ìwọ sì ni akọ̀wé wọn. Bá wọn sọ ọ́. Kì í ṣe èmi nìkan ni mò ń bẹ̀bẹ̀ fún.

Orí ìwé ni mo kọ èyí sí kí Làtíífàt lè fi fóònù yà á ránṣẹ́ sí ọ. Ọ̀rọ̀ tó wúwo kì í ṣe ohun tí mo lè máa pariwo sínú ẹ̀rọ.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tàjùdéèn Awótúndé


Winnipeg, Kánádà,
28 Oṣù Kìíní, 2024

Bàbá mi,

Wa aláékùm sàlámù. Mo dọ̀bálẹ̀. Ẹ kú àjálù o, ẹ sì kú ìfaradà. Ẹ bá mi kí Bàbá Abíọ́nà. Lẹ́yìn tí mo ka lẹ́tà yín tán, ńṣe ni mo dúró láàrin àwọn páálí tí mò ń tò níbi iṣẹ́, mi ò mọ èyí tí mo gbé mọ́.

Mo ti bá ẹgbẹ́ sọ ọ́, wọ́n sì ti gbà. Wọn yóò ra èbù, wọn yóò fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé e wá sí Ìgangan. Ṣùgbọ́n Dókítà Adétóyìn, alága wa, kò fẹ́ kí a pín in bí ẹni pín ẹran iléyá, tí ẹni tó bá sún mọ́ abọ́ ń mú itan. Ó fẹ́ mọ iye ebè tó jóná lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Èmi yóò wá tò wọ́n sí ìpele ìpele, láti iye báyìí sí iye báyìí, n óò ka iye èèyàn tó wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ìyẹn pín èbù.

Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, ẹ bá mi gba orúkọ wọn àti iye ebè wọn. Kí Làtíífàt tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, ẹnì kan, ìlà kan. Kó kọ orúkọ, kó fa igi òòró kan, kó wá kọ iye. Kọ̀ǹpútà mi ti gbó, fáìlì ọ̀rọ̀ lásán ló lè gbé. Kò ní àwọ̀, kò ní àpótí, igi òòró yẹn nìkan ló ń pààlà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ̀ ẹ́ dáadáa, ẹ̀rọ á kà á fúnra rẹ̀.

Ọmọ yín,
Hàkímù


Ìgangan,
11 Oṣù Kejì, 2024

Hàkímù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ. Orúkọ náà rèé, Làtíífàt ti tẹ̀ ẹ́. Má bi mí ìdí tó fi pẹ́. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, wọn kì í sì í wọ oko olóko lọ ka ebè rẹ̀. Ilé dé ilé ni mo lọ. N óò jókòó, a ó bá ara wa sọ ti ayé, wọn á bu omi fún mi, kí ẹni náà tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye rẹ̀. Àwọn kan ò fẹ́ sọ rárá. Wọ́n ní iná ti jó o tán, kí ni à ń kà á fún? Mo ní ọmọ mi ló ń ṣe é. Mo fi irùngbọ̀n mi ṣe onídùúró. Nítorí tèmi ni wọ́n ṣe sọ ọ́.

Malachi, olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní sẹ́kọ́ńdìrì, kò dúró kí n dé ilé òun. Ó lọ sínú oko rẹ̀, ó ń fi ìka ka ebè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá kọ ẹgbẹ̀ta lé mẹ́tàlélógójì. Búrẹ́mọ̀ ní bó bá ṣe díẹ̀ sí i, á ka èèrà mọ́ ọn. Búrẹ́mọ̀ ní ẹgbẹ̀rin.

Èmi náà ní ẹgbẹ̀rin, ó lé ogún. O mọ ogún yẹn. Ebè ìyá rẹ ni, èyí tí mo máa ń kọ fún un sí etí oko láti ọdún tí mo ti gbé e níyàwó, tó máa ń gbin ata sí ìdí rẹ̀. Látìgbà tí Hàbíbàt ti kú, mi ò dá a dúró. Iṣu ibẹ̀ ni mo fi ń ṣe sàárà fún un.

Tètè ṣe é. Ojú wọn wà lọ́nà, ojú mi ni wọ́n sì ń wò.

Bàbá rẹ,
Tàjùdéèn


Winnipeg,
16 Oṣù Kejì, 2024

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrìn ẹsẹ̀. Tábìlì orúkọ àti iye ebè náà ti dé, ó sì mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ń kọ mí lóminú, ẹ má bínú. Irinwó, irinwó, ẹgbẹ̀ta, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rin, ẹgbẹ̀rin. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Ọ̀gbẹ́ni Malachi, àwọn mélòó kan bíi tirẹ̀, àti ẹ̀yin nìkan lẹ sọ iye tó dà bí iye tí èèyàn kà. Àwọn yòókù dà bí ẹni tó ń wo ẹnu ara wọn. Dókítà Adétóyìn rí i, ó bi mí bóyá àbá ni wọ́n ń dá. Ṣé ẹ ò lè ní kí wọ́n padà lọ kà á? Ojú ń tì mí níwájú wọn níbí.

Ọmọ yín,
Hàkímù


Ìgangan,
25 Oṣù Kejì, 2024

Hàkímù,

Ojú ń tì ọ́. Ó dára.

Mi ò mọ̀ pé Kánádà lè gbọn nǹkan dànù lórí èèyàn tó báyìí. Igba ni a fi ń wọn iṣẹ́ oko. Bí mo bá gba alágbàṣe, igba ebè ni mo ń bá a ṣàdéhùn lé lórí. Bó bá parí igba kan, ó nà tàntàn sábẹ́ igi, ó mu omi, ó tún dìde sí òmíràn. Ẹgbẹ̀rin túmọ̀ sí pé ẹni náà kọ igba mẹ́rin, ó sì kọ ọ́ parí. Ẹni tó bá dá ọkọ́ dúró kí igba tó pé, ọ̀lẹ ni à ń pè é. Ìwọ náà, nígbà tí o wà ní ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ṣé kì í ṣe igba ni mo máa ń pín fún ọ? Ṣé o ń dá àbá nígbà náà, tàbí o ń sunkún?

Àwọn tí ò ń pè ní ẹni tó ń wo ẹnu ara wọn, wọ́n ti ń kọ ebè kí wọ́n tó bí alága yín. Mi ò ní padà sí ilé ẹnì kankan. Ohun tí mo gbé wá lo rí yẹn. Bó bá wù ọ́, gbà á. Bí kò bá wù ọ́, jẹ́ kí a mọ̀ kí a lọ wá nǹkan mìíràn ṣe.

Tàjùdéèn


Winnipeg,
3 Oṣù Kẹta, 2024

Bàbá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ẹ foríjì mí. Mo gbàgbé ni. Mo ti ṣàlàyé igba fún Dókítà Adétóyìn, ó sì ní kò burú.

Kí ẹ lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yín wọ̀ mí létí, igba gan-an ni mo fi ṣe ààlà ìpele tí mo tò wọ́n sí. Láti igba sí irinwó, ìpele kan. Irinwó sí ẹgbẹ̀ta, ìkan. Ẹgbẹ̀ta sí ẹgbẹ̀rin, ìkan. Ẹgbẹ̀rin sí ẹgbẹ̀rún náà, ìkan. Ẹlòmíràn níbí ì bá fi ọgọ́rùn-ún pààlà. Èmi ní rárá, bí àwọn bàbá mi ṣe ń kà á ni kí ẹ̀rọ kà á. Mo tẹ bọ́tìnnì, kí n tó ṣẹ́jú, ó ti kà wọ́n tán, ó sì ti to orúkọ wọn sí ìpele wọn. Bàbá, inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bí mo ṣe lè kọ ọ́ lọ.

Ọkọ̀ yóò dé lọ́sẹ̀ kìíní oṣù Kẹrin, orúkọ yóò bá ọkọ̀ rìn. Ẹ sọ fún Bàbá Abíọ́nà pé kó pọ́n ọkọ́ rẹ̀.

Ọmọ yín,
Hàkímù


Ìgangan,
14 Oṣù Kẹrin, 2024

Bùrọ̀dá Hàkímù,

Mo kí yín o. Èmi Làtíífàt ni. Bàbá ò mọ̀ pé mò ń kọ èyí.

Ọkọ̀ dé, gbogbo àwọn àgbẹ̀ Ìdí-Ayin ló jáde. Bàbá wọ agbádá. Malachi ni wọ́n ní kó ka orúkọ nítorí ó mọ̀wé. Ó ka tirẹ̀, ó ka ti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń dáko ní Sátidé, ó ka ti ọ̀gá kan tó ń wá dáko láti Ìbàdàn. Nínú àwọn bàbá wa, kò pe ẹnì kankan. Wọ́n ń dúró. Ó wá pe Tàjùdéèn Awótúndé, ó sì ká ìwé náà.

Bàbá Abíọ́nà ló kọ́kọ́ la ẹnu. Ó ní, "Tàjú, ṣebí orí àga mi lo jókòó sí tí mo fi sọ fún ẹ?" Bàbá ní kí wọ́n tún ìwé náà kà. Malachi tún un kà. Ẹnì kan lẹ́yìn wá ní, "Ẹ fi bàbá sílẹ̀. Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì." Ni wọ́n bá ń tú ká lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, nígbà tí wọ́n tò sàfù láti kírun, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá sún kúrò. Ilé ló ti ń kírun báyìí. Bùrọ̀dá, kí lẹ ṣe?

Làtíífàt


Winnipeg,
20 Oṣù Kẹrin, 2024

Bàbá mi,

Mo ti pè títí, ẹ ò gbé e. Làtíífàt ti sọ fún mi, ẹ má bá a wí.

Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ kì í mọ ojú èèyàn, kò mọ ẹni tó bí mi, kò mọ ẹni tí kò bí mi. Ó lè jẹ́ Làtíífàt ló tẹ nǹkan gbòdì. Ó lè jẹ́ àwọn tó ra èbù ló ge ìwé náà kúrú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún wọn pé mi ò yọ ẹnikẹ́ni. Ẹ kọ̀wé sí mi, ì báà jẹ́ ẹyọ ìlà kan.

Ọmọ yín,
Hàkímù


Ìgangan,
19 Oṣù Karùn-ún, 2024

Hàkímù,

Ìlà kan lo ní kí n kọ. N óò kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Àbúrò rẹ tí ò ń tọ́ka sí, iwájú mi ló ti ka ohun tó tẹ̀, orúkọ kọ̀ọ̀kan, iye kọ̀ọ̀kan. Má nu ọwọ́ rẹ sí aṣọ rẹ̀.

Awakọ̀ já èbù tèmi sílẹ̀ sí iwájú ilé. Mo gbé e sórí ọmọlanke, mo tì í dé ẹnu ọ̀nà Búrẹ́mọ̀, mo ní kó gbìn ín, tèmi tirẹ̀ kò sí. Kò jáde. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo rẹ̀ ti padà sí ẹnu ọ̀nà mi, kò yọ ẹyọ kan. Mo gbé e fún àwọn yòókù, wọ́n ní àwọn kì í jẹ àjẹkù ìwé. Yàrá ìyá rẹ ni mo kó o sí. Ó ti ń hù níbẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ti ń gun ògiri. Mi ò gbin ọ̀kankan. Ojú wo ni n óò fi dá gbin iṣu ní Ìdí-Ayin?

Sọ fún mi, kí ni Búrẹ́mọ̀ fi ṣe ọ́? Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ọkọ́ mú, nítorí èmi ò ní sùúrù. Èmi máa ń gbá ọ létí, òun á ní, "Tàjú, jẹ́ kó simi." Wọ́n ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Tìrẹ bà wọ́n tán, ó fo èmi nìkan. Ìyẹn ló dùn mí jù. Ì bá bà mí.

Tàjùdéèn


Winnipeg,
26 Oṣù Karùn-ún, 2024

Bàbá mi,

Mo ti tú tábìlì náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀. Làtíífàt kò ṣẹ̀. Àwọn tó ra èbù kò ṣẹ̀. Èmi ni.

Ohun tí mo sọ fún ẹ̀rọ nìyí: ka ẹni tó ju irinwó lọ tí kò tó ẹgbẹ̀ta. Ka ẹni tó ju ẹgbẹ̀ta lọ tí kò tó ẹgbẹ̀rin. Ka ẹni tó ju ẹgbẹ̀rin lọ tí kò tó ẹgbẹ̀rún. Ẹ wá wo Bàbá Abíọ́nà. Ẹgbẹ̀rin géérégé ni tiwọn. Wọn kò ju ẹgbẹ̀rin lọ, wọn kò sì dín sí ẹgbẹ̀rin. Ìpele ìsàlẹ̀ kò gbà wọ́n, ti òkè kò gbà wọ́n. Orí ààlà ni wọ́n dúró sí, ẹ̀rọ sì fò wọ́n. Kì í pariwo bó bá fo èèyàn. Ká ní ọ̀ọ́dúnrún ni mo fi pààlà, àwọn kan nìkan ni ì bá bọ́ síbẹ̀. Àmọ́ igba ni mo fi pààlà, nítorí yín, igba sì ni gbogbo wọn fi ń kà. Gbogbo ẹni tó parí iṣẹ́ rẹ̀ ló bọ́ sórí ààlà. Malachi wọlé nítorí mẹ́tàlélógójì tó lé, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ àti ọ̀gá Ìbàdàn tí wọ́n ka tiwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin wọlé nítorí ogún ebè Màámi.

Ó ku ohun kan, n ò sì ní fi pamọ́. Nígbà tí mo ṣírò iye èèyàn inú gbogbo ìpele pọ̀, kò tó iye orúkọ tí ẹ fi ránṣẹ́. Kò sún mọ́ ọn rárá. Mo rí i, mo sì sọ fún Dókítà Adétóyìn. Ó ní bóyá ẹ̀rọ ti yọ àwọn tó ń dá àbá. Mo ní bóyá ni. Mi ò wò ó mọ́.

Mo ti sọ gbogbo rẹ̀ fún ẹgbẹ́. Wọ́n ní èbù ti tán, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka lẹ́tà yìí sí Bàbá Abíọ́nà létí. Ẹ ka gbogbo rẹ̀, ẹ má fo ibi tó burú.

Hàkímù


Winnipeg,
11 Oṣù Kẹjọ, 2024

Bàbá mi,

Mo tún dọ̀bálẹ̀. Láti oṣù Karùn-ún, ẹ ò fèsì. Làtíífàt ní ẹ ń jẹun, ẹ ń lọ sóko, ẹ ń bọ̀. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn.

Mo ti tún tábìlì náà tò. Ó ti pé báyìí, kò sí ẹni tó bọ́. Mo mọ̀ pé kò wúlò mọ́, ṣùgbọ́n mo fi ránṣẹ́ sórí fóònù Làtíífàt kí ẹ lè rí orúkọ Bàbá Abíọ́nà níbi tó yẹ kó wà. Ṣé ẹ ti kà á sí wọn létí? Kí ni wọ́n wí?

Bí ẹ bá fẹ́ bú mi, ẹ bú mi. Dídákẹ́ yín ni mi ò lè gbé.

Ọmọ yín,
Hàkímù


Ìgangan,
17 Oṣù Kọkànlá, 2024

Hàkímù,

Mo mú lẹ́tà rẹ ti oṣù Karùn-ún lọ sí ilé Búrẹ́mọ̀ lọ́jọ́ tó dé. Ìyàwó rẹ̀ ló jáde sí mi. Ó ní ó ti lọ sí Ṣàgámù, ó ń ṣọ́ géètì fún ẹnì kan níbẹ̀. Mo rò pé ó ń ṣàwàdà. Búrẹ́mọ̀, tí kì í dìde fún ẹni tó bá kéré sí i, ló ń sáré ṣílẹ̀kùn fún mọ́tò ọmọdé. Oko rẹ̀ ní Ìdí-Ayin, Malachi ló ń dá a báyìí.

Ìdí tí mi ò fi fèsì nìyẹn. O ní kí n kà á sí i létí. Etí náà kò sí nílé.

Mo ka lẹ́tà náà fún àwọn yòókù níwájú mọ́ṣáláṣí, mi ò fo ibi kankan. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́. Ẹnì kan bi mí pé, "Ṣé ẹni tó bá parí iṣẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀rọ ọ̀hún ń fò?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n ní ó ti tán, kí n máa bọ̀ ní sàfù. Mo ti ń lọ. Ẹlòmíràn ló ń dúró níbi tí Búrẹ́mọ̀ máa ń dúró, ọmọ dáadáa ni, ṣùgbọ́n èmi àti ẹ̀ kò mọ ara wa.

O kọ ọ́ pé ẹ̀rọ ló fò wọ́n. Mo ti rò ó títí. Ẹ̀rọ kọ́. O ti fò wọ́n nínú ọkàn rẹ lọ́jọ́ tí o kọ̀wé pé wọ́n ń wo ẹnu ara wọn. Ohun tí ẹ̀rọ ṣe bá ohun tí o ń rò mu, ìdí nìyẹn tí o kò fi wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ká ní orúkọ tèmi ni kò sí níbẹ̀, ò bá ti wá a.

Mo ti dárí jì ọ́, nítorí ọmọ ẹni ni ọmọ ẹni. Ṣùgbọ́n ó ń dùn mí, yóò sì máa dùn mí.

Tábìlì tuntun tí o ní ó ti pé, Làtíífàt fi hàn mí. Mo rí orúkọ Búrẹ́mọ̀ níbẹ̀. Mo ní kó pa fóònù náà.

A ti ń kọ ebè ọdún tuntun. Ẹgbẹ̀rin ni mo kọ, igba mẹ́rin, géérégé. Nígbà tí mo dé etí oko, níbi tí ogún ebè ìyá rẹ máa ń wà, mo dúró díẹ̀, mo gbé ọkọ́ kọ́ èjìká, mo sì lọ sílé. Kò ní sí iṣu sàárà fún Hàbíbàt lọ́dún yìí. Mo ti sọ fún un, mo ní kó má bínú.

Bí ẹgbẹ́ yín bá tún fẹ́ kà wá, má wá mi nínú ìpele kankan. Orí ààlà tí Búrẹ́mọ̀ bọ́ sí ni kí o ti wá mi.

Tàjùdéèn Awótúndé